Ẹ Kọ Orúkọ Wọn Sẹ́yìn Fọ́tò

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń bá pàdé lójú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà nínú àpótí yín nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ẹ̀bi àwa fúnra wa wà nínú rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe irú rẹ̀.

TÁBÌLÌ MẸ́TA KÚN

Ní ọ̀sẹ̀ ìdílé tí ìjọ wa ṣe ní Ìkàrẹ́ ní ọdún tó kọjá, a ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ nípa eré ìdárayá mú un wá sí gbọ̀ngán ìjọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Èrò wa ni pé àwọn ọ̀dọ́ yóò rí nǹkan wò, àwọn àgbà yóò sì rí nǹkan sọ. Tábìlì kan ṣoṣo la tẹ́ aṣọ lé. Kí aago mẹ́rin tó lù, a ti wá tábìlì méjì mìíràn kún un. Àwọn ará wá láti inú Ìkàrẹ́, wọ́n wá láti Arìgìdì, láti Ùgbẹ̀, láti Àkùngbá, àwọn kan sì sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà.

Ẹnìkan kó fọ́tò wá nínú páálí bàtà, ẹnìkan kó tirẹ̀ wá nínú agolo bísíkíìtì. Fọ́tò dúdú-àti-funfun tí etí rẹ̀ rí bí ehín ayùn wà níbẹ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń yan lọ́jọ́ Empire Day, kí òmìnira tó dé, wà níbẹ̀. Ojú ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹnìkan fi ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ páálí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá kan tó ń fi ọ̀pá rìn lónìí gbé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀: òun náà rèé lófuurufú, ó ń fò kọjá igi, ẹsẹ̀ méjèèjì kò kan ilẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin pariwo, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ̀yin rèé?” Ìyá dáhùn pé, “Ta ni ẹ rò pé ó jẹ́? Ṣé inú ọjọ́ ogbó ni wọ́n bí mi sí ni?”

Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn wá bí a ti ń rìn yí àwọn tábìlì náà ká. Bí a bá mú fọ́tò kan, a ó béèrè pé, “Ta nìyí?” Wọn ó ní, “Ọ̀rẹ́ Bàbá ni.” “Kí ni orúkọ rẹ̀?” “A kò mọ̀.” A ó yí fọ́tò náà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun bálau. Ẹni tó yára jù ní Àkókó nígbà ayé rẹ̀ lè wà lórí tábìlì yẹn, kí ó má sì sí ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀.

ÀWỌN TÓ FI ẸSẸ̀ LÁSÁN GBÁ BỌ́Ọ̀LÙ

Fọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ pé lé lórí jù ni èyí tí bàbá kan gé láti inú ìwé ìròyìn, tí ó sì fi gíláàsì bò. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó lọ sí ìlú Ọba ní ọdún 1949 ni. Àwọn ọ̀dọ́ wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, “Bàtà wọn dà?” Bàbá náà ní, “Bàtà wo? Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá a.”

Òtítọ́ ni bàbá náà sọ. Agbábọ́ọ̀lù 18 ló wọ ọkọ̀ ojú omi MV Apapa ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, Etim Henshaw sì ni balógun wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò lójú òkun kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Àwọn kan nínú wọn fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀, àwọn kan kò fi nǹkankan sí i. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́ ni wọ́n ti na ikọ̀ Marine ní Crosby ní 5 sí 2. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n sì pàdánù nínú 5. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí koríko bá ń yọ̀, ẹni tó wọ bàtà oníṣòó nísàlẹ̀ ló ń jẹ̀gbádùn. Síbẹ̀ wọn kò torí èyí jókòó sílé. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n sì na orílẹ̀-èdè Sierra Leone ní 2 sí 0. Ìyẹn ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá òfin mu tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Tesilimi Balógun wà nínú ikọ̀ náà, ọmọ Èkó, ẹni tí àwọn èrò ń pè ní Thunder, ìyẹn àrá, nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún bó bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1956 ó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì darí wálé, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kú ní ọdún 1972. Pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ rẹ̀ ní 1984, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ń pe orúkọ pápá náà láìmọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.

Bàbá kan tún ní fọ́tò abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan, Nojim Maiyegun. Ọmọ Èkó ni òun náà. Ní ọdún 1964, ní Tokyo ní ilẹ̀ Japan, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Àmì-ẹ̀yẹ yẹn ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní ìdíje Òlíḿpíìkì. Ó padà lọ fìdí kalẹ̀ sí ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, níbẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: gbogbo ayé lè rí fọ́tò ẹni náà, òun fúnra rẹ̀ kò lè rí i. Ó dágbére fáyé ní ọdún 2024. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé ta ló kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì fún wa, kò sí ẹni tó nawọ́.

RÉDÍÒ ỌDÚN 1980

Fọ́tò kan mú wa rẹ́rìn-ín nítorí pé àwa fúnra wa mọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980 ni, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Èkó, tí a sì gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wá. Rédíò kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ ládùúgbò wa, ẹni tó ni ín sì gbé e sójú fèrèsé kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá 2 wọlé, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Christian Chukwu balógun wọn gbé ife náà sókè. Bí àwọn àpáta tó yí Ìkàrẹ́ ká bá lè sọ̀rọ̀, wọn ì bá sọ ariwo tí a pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́ nípa Muda Lawal. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ kí ikọ̀ Shooting Stars ti Ìbàdàn tó mú un. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ó sì kópa nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà nígbà 5, láti 1976 títí dé 1984. Ọwọ́ tó kún fún gírísì kò dí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kú ní Abẹ́òkúta ní 1991, kò tíì pé ọmọ 40 ọdún.

Fọ́tò mìíràn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ rẹ̀: Rashidi Yekini tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tí ó ń sunkún, tí ó sì ń ké sókè. Dallas ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá wọlé Bulgaria. Ọmọ Irá ní Kwara ni ìdílé rẹ̀, Kàdúná ló gbé dàgbà, bọ́ọ̀lù 37 ló sì gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo wa la jọ di àwọ̀n náà mú lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ìbàdàn ló ń dá gbé, kò sì pọ̀ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá kan nínú gbọ̀ngán náà sọ̀rọ̀ kan tí a kò lè gbàgbé. Ó ní, “Pásítọ̀, a fẹ́ràn fọ́tò yìí ju ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ.”

GÓÒLÙ TÓ PẸ́ KÍ Ó TÓ DÉ

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu kan fọ́tò kan sí i, nítorí òun ló ṣí ọ̀nà fún ohun tí a fẹ́ sọ gan-an. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ní Sydney ní Australia, àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin sá eré riléè, èyí tí ẹni mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, tí oníkálukú ń sá mítà 400. Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong ni. Amẹ́ríkà ló ṣíwájú, àwọn tiwa ṣìkejì, wọ́n sì gba fàdákà. Nínú fọ́tò ọjọ́ náà, fàdákà ni wọ́n gbé kọ́rùn.

Ní ọdún 2008, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. Wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ ikọ̀ wọn, nígbà tó sì di ọdún 2012, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì kéde pé Nàìjíríà ló ni ín. Ṣùgbọ́n Sunday Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Góòlù dé, ẹni mẹ́ta ló bá láyé. Òtítọ́ kì í kú, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ẹni tó ni òtítọ́ lè kú kí ó tó dé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa fi ohun tó tọ́ sí ènìyàn falẹ̀.

ÀPÓTÍ BÀBÁ NÍ Ọ̀KÀ

Ẹ̀bi tiwa nìyí o.

Ní ọdún 1996, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n sì rán wa gòkè lọ sí Ọ̀kà láti ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kékeré kan. A kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Iná wà lára wa, ìmọ̀ wa kò tó iná náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwa àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ jọ jókòó ti rédíò. A yọ̀ nígbà tí Chioma Ajunwa fò mítà 7.12 ní Atlanta, tí ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. A fò sókè ní ọjọ́ kejì nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa na Argentina ní 3 sí 2. A kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá ni a ṣe ìsọjí. Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó oògùn rẹ̀ wá sí iwájú ilé ìjọsìn kí a bá òun sun ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Éfésù ti ṣe nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 19. Ońdè wà níbẹ̀, ìwo wà níbẹ̀, ìgbàdí kan sì wà níbẹ̀ tí awọ rẹ̀ ti dúdú. Bàbá mú fọ́tò kan jáde nínú àpótí náà. Ó ní, “Pásítọ̀, ìgbàdí yìí ni mo sán mọ́ ìdí nígbà tí mo ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní 1957. Fọ́tò ọjọ́ náà rèé. Ṣé kí n sun òun náà ni?”

A kò ronú. A kò gbàdúrà. A ní, “Bàbá, ẹ sun gbogbo rẹ̀. Ohun àtijọ́ ti kọjá lọ.”

Bàbá wo fọ́tò náà fún ìgbà díẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Ó jù ú sínú iná. A kọrin, a pariwo Halelúyà, a sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Ìgbàdí náà yẹ fún iná, a kò yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni fọ́tò náà ṣe? Ọmọdékùnrin tó fi ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un sáré ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé a ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì. A ti kọ́ ọ pé nítòsí Kọ́ríńtì ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje eré ìdárayá ní ọdún méjì-méjì, tí wọ́n ń fi ewé ṣe adé fún ẹni tó bá borí, àti pé ohun tí àwọn ará Kọ́ríńtì mọ̀ dunjú yìí ni Pọ́ọ̀lù lò láti kọ́ wọn ní ìkóra-ẹni-níjàánu nínú 1 Kọ́ríńtì 9:24-27. Àpósítélì kò bú àwọn sárésáré. Ó wò wọ́n dáadáa, ó sì rí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kọ́ lára wọn. Nínú 1 Tímótì 4:8 pẹ̀lú, kò sọ pé eré ìdárayá kò wúlò rárá. Ó ní ó wúlò díẹ̀, ìwà-bí-Ọlọ́run ló wúlò fún ohun gbogbo. Àwa ni a sọ “díẹ̀” di “òfo.”

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2014. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìsìnkú, fọ́tò kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ rí ni èyí tó wà lára káàdì owó ìfẹ̀yìntì, níbi tí àárẹ̀ ti mú un. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wá bá wa. Ó ní, “Pásítọ̀ wa, Màmá ní fọ́tò kan wà rí tí Bàbá ti jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tó ń sáré. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà?”

A ní a kò mọ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ni wá, irọ́ ni a pa. Irọ́ yẹn sì bá wa gbé fún ọdún mẹ́wàá.

FỌ́TÒ ORÍ TÁBÌLÌ KEJÌ

Ẹ padà bá wa sí gbọ̀ngán ní Ìkàrẹ́. Lórí tábìlì kejì, fọ́tò kan wà tó mú kí ara wa tutù. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú tíṣà kan tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ọ̀pá riléè wà lọ́wọ́ ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ju òǹtẹ̀ ayàwòrán àti “1957” lọ. Irú fọ́tò tí a rí lójú iná ni. Ayàwòrán a máa tẹ ẹyọ kan fún oníkálukú nígbà náà, èyí tó jẹ́ ti Bàbá ló jóná.

Ìyá oníṣòwò kan ní Ìkàrẹ́ ló ni ín. Ó ní olóògbé ọkọ òun wà nínú rẹ̀, òun kò mọ àwọn yòókù. Àwa náà kò lè sọ èyí tí í ṣe Bàbá, nítorí ìgbà tí a rí fọ́tò náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, arúgbó ni a sì mọ̀, a kò mọ ọmọdé. Ìyá náà ní ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn mẹ́rin, Ọ̀kà ló sì ń gbé.

A yá fọ́tò náà lọ́wọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ sọ́dọ̀ bàbá tó kù láyé, a kọ́kọ́ lọ sílé ọmọ Bàbá. A jókòó, a sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: iná náà, àti irọ́ náà. Ó dákẹ́ pẹ́. A gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ta ayò níta. Lẹ́yìn náà ó ní, “Pásítọ̀, iná yẹn, ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà náà. Irọ́ yẹn ló dùn mí.” A bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó dìde, ó mú gèlè. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá náà.”

A gba Àkùngbá kọjá, a gun òkè Ọ̀kà, fọ́tò náà wà láàárín Bíbélì kí ó má bàa ká. Bàbá náà ti lé ní 85 ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní kí a sọ fún òun ẹni tó mú ọ̀pá lọ́wọ́. A ní ẹni ìkẹyìn ni, lápá ọ̀tún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èmi nìyẹn. Bí a ṣe sá a náà la ṣe dúró.” Ó pe ẹni àkọ́kọ́, ọkọ ìyá oníṣòwò ni. Ó fo ẹnì kejì. Ó ní, “Ẹnì kẹta ńkọ́? Ṣé ó so áńkáṣíìfù mọ́ ọrùn ọwọ́?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Bàbá rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Òógùn máa ń bo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà á kí ọ̀pá má yọ̀ bọ́. Kò bọ́ rí. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti ń gbà á.”

Ọmọ náà gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Ó wò ó títí. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: “Àṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ mi ti gbé iwájú orí yìí.”

A mú pẹ́ńsù, a kọ orúkọ sẹ́yìn níbẹ̀ gan-an, láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Orúkọ ẹnì kejì wà lẹ́nu bàbá náà, kò jáde. Ó ní kí a máa padà bọ̀. A ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì jáde. Ìlà kan ṣì ṣófo lẹ́yìn fọ́tò náà di bí a ṣe ń kọ èyí. Ìyá oníṣòwò ti gba fọ́tò rẹ̀ padà, àwọn ọmọ Bàbá sì ti ṣe ẹ̀dà tiwọn, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ ògiri.

OHUN TÍ KÍ Ẹ ṢE NÍLÉ

Ẹ̀yin ará, nínú Jóṣúà orí 4, Ọlọ́run pàṣẹ kí wọ́n kó òkúta 12 jáde láti inú Jọ́dánì, kí ó lè jẹ́ pé bí àwọn ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àwọn bàbá yóò lè dáhùn. Ẹ kíyè sí i pé òkúta kò lè dá sọ̀rọ̀. Bàbá ló ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò. Bí ẹni tó lè sọ ọ́ bá ti lọ, ó di bébà lásán. Nítorí náà:

1. Ẹ yí àwọn fọ́tò yín padà lónìí, kí ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí i. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rọra kọ ọ́. Bírò máa ń hàn jáde sí iwájú, tàdáwà rẹ̀ sì máa ń ràn.

2. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàbí séló téèpù lẹ̀ wọ́n. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ti ba ọ̀pọ̀ fọ́tò jẹ́. Inú àpòòwé bébà ló dára jù.

3. Ẹ má tọ́jú wọn sórí ilẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí omi ń rìn. Ikán àti ọ̀rinrin kò mọ fọ́tò ẹni ńlá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má gbé ojúlówó kọ́ ibi tí oòrùn ti ń ta sí i.

4. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi fóònù yín ya àwọn fọ́tò náà, kí ẹ sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣàlàyé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn láti òsì sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fọ́tò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ kiri.

5. Ẹ̀yin òbí, ẹ má pa irọ́ fún àwọn ọmọ nípa ohun tí ẹ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ó bẹ̀ ṣì wà láyé.

6. Bí eléré ìdárayá àtijọ́ kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ kí i. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ràn.

A ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Ọba, ṣùgbọ́n nítorí tẹ́tẹ́ ni. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará ọdún 1949 tó fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù fi ara tiwọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ fẹ́ fi òógùn ẹlòmíràn jẹun. Ẹ yà kúrò níbẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí pápá kí ara yín le.

Hébérù 12:1 fi hàn wá pé àwọn ẹlẹ́rìí tó ti sáré ṣáájú yí wa ká, ó sì ní kí àwa náà fi sùúrù sá tiwa. Eré ìgbàgbọ́, eré riléè ni. Ẹnìkan fi ọ̀pá lé wa lọ́wọ́, ẹnìkan ń nawọ́ dúró dè wá. Bàbá tó so áńkáṣíìfù mọ́ ọwọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni kí ọ̀pá má bọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdílé tó ń bọ̀, a ó tún tẹ́ aṣọ lé tábìlì, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó tiyín wá, kí ẹ sì kó àwọn àgbà wá pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ọmọkùnrin kejì láti apá òsì nínú ikọ̀ riléè ọdún 1957 kan ní Ìkàrẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ fún wa. Pẹ́ńsù náà ṣì wà nínú Bíbélì wa.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí orúkọ yín àti ti àwọn ọmọ yín parẹ́ nínú ìwé ìyè. Àmín.